Sàfárì: páàkì ìjọba ni àbí igbó àdáni tí ò ní fẹ́ǹsì? Ìfiwéra fún ará Òṣogbo tó fẹ́ náwó

Tí ọ̀rọ̀ sàfárì, ìyẹn ìrìn àjò lọ wo ẹranko nínú igbó, bá ti délẹ̀ ní Òṣogbo ńbí, ìbéèrè àkọ́kọ́ táwọn èèyàn máa ń bi mí ni "èló ni?" Kò burú o, owó lọ̀rọ̀, àmọ́ ẹni tó bá fi owó nìkan yan ibi tó ń lọ lè san owó gọbọi lọ síbi tí ò ní gbádùn rárá, kó wá máa bú lọ́ọ̀jì nígbà tó padà dé, bẹ́ẹ̀ lọ́ọ̀jì ò ṣe é ní nǹkan kan, òun ló lọ síbi tí ò bá a lára mu. Torí náà ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra dáadáa: páàkì ńlá tìjọba, igbó àdáni tí wọ́n ti yọ fẹ́ǹsì àárín òun àti páàkì, ti Kẹ́ńyà, àti tiwa nílé. Mi ò ní fún gbogbo wọn láyè kan náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí ni mo máa jókòó sí.

Ẹranko kan náà, owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Kruger ní South Africa ni màá fi bẹ̀rẹ̀ torí òun lọ́pọ̀ wa ti gbọ́ orúkọ ẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n sọ ọ́ di páàkì orílẹ̀-èdè, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 19,500 kìlómítà onígun mẹ́rin, tẹ́ ẹ bá kó Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun méjì sínú ẹ̀ àyè á ṣì ṣẹ́kù. Apá ìwọ̀ oòrùn ẹ̀ làwọn igbó àdáni tò sí: Sabi Sand, Timbavati, Klaserie, Umbabat, Balule. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n. Ẹbí kan ló ni òmíì, àwọn ará àdúgbò ló ni òmíì, bíi ilẹ̀ MalaMala ní Sabi Sand tó jẹ́ pé ọdún 2013 ló padà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n lé bàbá wọn kúrò lórí ẹ̀ láyé ọjọ́un.

Tẹ́lẹ̀, fẹ́ǹsì wà láàárín Sabi Sand àti Kruger. Ní 1993 ni wọ́n yọ ọ́, látìgbà yẹn kìnnìún ò mọ ibi tí ilẹ̀ ìjọba parí sí mọ́. Erin tó ń ya ewé jẹ nínú Kruger láàárọ̀ lè máa mu omi lálẹ́ níwájú lọ́ọ̀jì tí wọ́n ti ń san ẹgbẹ̀rún dọ́là lálẹ́ kan. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé ọ̀pọ̀ ló rò pé tówó bá ti pọ̀, ẹranko náà á pọ̀. Irọ́ ni. Ẹranko kan náà lẹ máa wò. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń sanwó sí nínú igbó àdáni ni bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó, iye èèyàn tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tẹ́ ẹ bá ń wò ó, àti ẹni tó máa mú yín débẹ̀.

Kruger fúnra ẹ̀

Ẹ lè háyà mọ́tò kékeré ní Johannesburg kẹ́ ẹ wà á wọ inú páàkì fúnra yín, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ yín wò pé ṣé ẹ ní gáìdì. Apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń wà o, ẹ fi sọ́kàn, pàápàá tẹ́ ẹ bá yà ní ìkóríta. Lórí ọ̀dà, 50 kìlómítà ní wákàtí kan lẹ ò gbọ́dọ̀ kọjá, lórí ilẹ̀ eruku 40. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ẹ ò gbọ́dọ̀ bọ́ọ́lẹ̀ àyàfi ní kám̀pù àtàwọn ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, géètì sì ní àkókò tí wọ́n ń ṣí i àti èyí tí wọ́n ń tì í. Kám̀pù bíi Skukuza, Satara, Lower Sabie, gbogbo wọn ló ní fẹ́ǹsì yíká, ṣọ́ọ̀bù wà ńbẹ̀, epo wà, ibi ìdáná wà, ẹ lè ra ẹran kẹ́ ẹ yan án fúnra yín lálẹ́. Owó ìwọlé ojúmọ́ kan fún àlejò tí kì í ṣe ará gúúsù Áfíríkà ti lé ní 500 ráńdì lórí ẹni kọ̀ọ̀kan, àwa ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń san owó ńlá yẹn, adúláwọ̀ tá a jẹ́ ò ní kí wọ́n dín in.

Òmìnira ló wà ńbẹ̀. Tó bá wù yín kẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò kan fún wákàtí mẹ́ta, ẹ jókòó. Tọ́mọ bá ń sunkún, ẹ padà. Àmọ́ kìnnìún tó bá sùn sẹ́yìn igbó kékeré kan tí ò jìnnà sójú ọ̀nà, ìrù ẹ̀ lẹ máa rí, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè sún mọ́ ọn. Tí kìnnìún bá sì wá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀dà gan-an, áà, ó ti di gòsílóò bíi ti Ọjà-Ọba lọ́sẹ̀ ọdún, mọ́tò lẹ́yìn mọ́tò, oníkálukú ń na fóònù jáde, ẹni tó dé kẹ́yìn ń wá ọ̀nà àti wọ àárín, ẹni tó wà níwájú ò fẹ́ kúrò. Kò lè burú jùyẹn lọ ṣá, ó kàn jẹ́ pé tó bá jẹ́ torí ìdákẹ́jẹ́ lẹ ṣe kúrò nílé, ẹ ò ní rí i lójú ọ̀dà yẹn.

Igbó àdáni: ohun tówó yẹn ń rà

Mọ́tò gbọ̀ngbọ̀n tí ò ní òrùlé, gáìdì ló ń wà á, ẹnì kan tún jókòó síwájú pátápátá lórí àga kékeré tí wọ́n kàn mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òun ni tírákà, ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹranko. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n máa ń jáde: ní ìdájí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àti lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ títí dòru pẹ̀lú iná ńlá. Tí ẹranko ńlá bá wọ igbó, wọ́n lè yà kúrò lójú ọ̀nà tẹ̀ lé e, èyí téèyàn ò gbọ́dọ̀ dán wò ní Kruger. Wọ́n sì ń fi rédíò bára wọn sọ̀rọ̀ kí mọ́tò tó wà níwájú ẹranko kan má ju méjì mẹ́ta lọ, àwọn tó kù á dúró lókèèrè de àyè tiwọn.

Tírákà yẹn ni mo rò pé ó tó owó náà jù. Èyí tí mo bá jáde ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn gbé ọwọ́ òsì sókè, mọ́tò dúró, ó bọ́ọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí ojú ẹsẹ̀ kan po nínú iyanrìn, ó ní abo ẹkùn ni, ó ní lẹ́yìn tí ìrì ti sẹ̀ tán ló kọjá torí ìrì tó dá àmì tóótòòtóó sórí iyanrìn tó kù, kò sí lójú ẹsẹ̀ yẹn. Ó wá fi ẹ̀ka náà tọ ìlà gbọọrọ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ní ẹran ló ń wọ́ lọ. A yà wọgbó. Kò pẹ́ tá a fi rí ẹran náà lókè igi, wọ́n gbé e há àárín ẹ̀ka méjì, ẹkùn náà wà ńbẹ̀ tó ń jẹun, ibi tá a dúró sí a ń gbọ́ eyín ẹ̀ lórí eegun. Kò wo ojú wa rárá. Ní Kruger, ọ̀rọ̀ lè dà bíi ti ẹni tó ní àjànàkú kọjá òun rí nǹkan fìrí, níbí ẹ máa rí i tó, ẹ máa fẹnu ara yín sọ pé ẹ ti rí i.

Ẹni tó bá ti dé Igbó Ọ̀ṣun mọ ìdí tí ẹkùn yẹn ò fi sá. Ẹ wo àwọn ọ̀bọ tó wà ńbẹ̀, látìgbà tí wọ́n ti ń bí wọn kò sẹ́ni tó yìnbọn lù wọ́n, ọdẹ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, torí náà tẹ́ ẹ bá mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání wọ́n á wá bá yín lẹ́sẹ̀ géètì, wọ́n tiẹ̀ lè já a gbà. Bó ṣe rí fún mọ́tò nínú igbó àdáni náà nìyẹn, àwọn ẹkùn àti kìnnìún ibẹ̀ ti dàgbà bá mọ́tò, kò pa wọ́n lára rí, kò fún wọn lóúnjẹ rí, lójú tiwọn nǹkan ńlá kan tó ń kọjá lọ ni. Àmọ́ ẹni tó bá dìde dúró nínú mọ́tò, tó nawọ́ jáde, tó pariwo, ó ti yọ ara ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára mọ́tò nìyẹn. Tí gáìdì bá ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ jókòó, kò sí àgbà ńbẹ̀, kò sí olóyè.

Ó láléébù tiẹ̀ náà o. Àkókò kì í ṣe tiyín: aago márùn-ún àárọ̀ wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin àtàwọn tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí lẹ jọ máa wà nínú mọ́tò kan, ẹnì kan lè fẹ́ràn ẹyẹ, kó ní kẹ́ ẹ dúró fún ogún mínítì torí ẹyẹ kan tí ò ju ìka lọ (inú bí mi díẹ̀, mi ò ní parọ́). Mọ́tò àdáni fún ẹ̀yin nìkan wà, owó ẹ̀ lọ́tọ̀. Owó yàrá fúnra ẹ̀, lórí ẹnì kan lálẹ́ kan, lè bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là kó lọ dé ẹgbẹ̀rún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ oúnjẹ àti ìjáde ẹ̀ẹ̀mejì ojúmọ́ ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, torí náà ẹ má fi wé owó yàrá lásán ní Kruger, ẹ fi owó mọ́tò, epo, oúnjẹ àti owó ìwọlé kún ti Kruger kẹ́ ẹ tó ṣírò.

Fẹ́ǹsì wo gan-an ni wọn ò ní?

Ẹ béèrè èyí dáadáa. Fẹ́ǹsì tó wà láàárín igbó àdáni àti Kruger ni wọ́n yọ. Èyí tó kọjú sí abúlé àti oko àwọn èèyàn lápá kejì ṣì wà digbí, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì wà lára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kejì ni lọ́ọ̀jì fúnra ẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní fẹ́ǹsì yíká yàrá, àwọn kan na okùn wáyà kan péré sókè láti lé erin sẹ́yìn, ohun tó kéré sí erin á gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìgbọ̀nà gbọ́ èyí, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

"Ìwọ, ṣé o fẹ́ kí n lọ san dọ́là kí kìnnìún lè máa rìn lẹ́yìn yàrá mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Tí n bá wá fẹ́ lọ jẹun alẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n á rán ẹnì kan wá mú yín, sà. Tílẹ̀ bá ti ṣú ẹ ò gbọ́dọ̀ dá jáde."

Wọ́n ní àwọn ò lọ. Mo sì rò pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ibẹ̀ kì í ṣe tiwọn, Skukuza ni màá mú wọn lọ. Torí ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ̀ṣọ́ tó ní tọ́ọ̀ṣì ló máa sìn yín láti yàrá dé ibi oúnjẹ, òun náà ló máa sìn yín padà. Lóru ẹ máa gbọ́ ìkookò, ẹ máa gbọ́ nǹkan kan tó ń fa koríko tu lẹ́yìn fèrèsé. Tí kìnnìún bá ké, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó wà nítòsí ni àbí ó jìnnà, àyà yín ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí etí yín tó gbọ́. Ẹlòmíì máa ń sọ pé òun ò sun oorun tó dùn tóyẹn rí. Ẹlòmíì á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì dàárọ̀. Ẹ mọ irú èyí tẹ́ ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìdákẹ́jẹ́ náà ńkọ́? Àwa tá a ti mọ́ra pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ ìlọta, sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́tùn-ún, ti mọ́sáláṣí lósì, a ò mọ̀ bó ṣe máa ń rí tí gbogbo ẹ̀ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, kò sí nǹkan kan tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ sùn, ẹ wo ibi tí ìmàdò ti ń yí ẹrọ̀fọ̀, ẹ tún sùn. Láwọn kám̀pù kékeré bí irú èyí tó wà ní Klaserie, yàrá lè má ju mẹ́fà lọ, sọ́là ni wọ́n ń lò, nẹ́tíwọ́kì lè má dé yàrá. Tọkọtaya tí ilé ò jẹ́ kí wọ́n ráyè bára wọn sọ̀rọ̀, ibẹ̀ dáa fún wọn. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́fà tẹ́ ẹ fẹ́ fi sàfárì ṣe bọ́ọ̀ṣdéè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ba tàwọn ẹlòmíì jẹ́.

Àwọn ọmọ

Kúkúrú ni màá sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì àdáni kì í jẹ́ kí ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà wọ mọ́tò tí ò lórùlé yẹn, àwọn kan ò tiẹ̀ gba ọmọdé rárá. Tọ́mọ yín bá kéré, Kruger. Ó tán.

Ibà, àti ìdí tí ẹ ò fi ní sanwó ẹ̀

Ẹ máa rí igbó bíi Madikwe àti Pilanesberg, ní South Africa náà, wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ibà níbẹ̀. Ibi dáadáa ni wọ́n, fẹ́ǹsì ló yí wọn ká látòkèdélẹ̀ ṣá, àmọ́ àwọn ará Yúróòpù àti Cape Town ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ibà yẹn pè. Ẹni tó ń gbé Òṣogbo, tí ẹ̀fọn Odò Ọ̀ṣun ń kọrin sí létí, kó wá sanwó kún owó torí pé kò sí ibà níbì kan? Aláboyún àtẹni tó ní ọmọ ọwọ́ ló yẹ kó bá dókítà sọ̀rọ̀, àwa tó kù ká mú oògùn ẹ̀fọn dání.

Kẹ́ńyà

Masai Mara náà ò ní fẹ́ǹsì. Páàkì tó wà láàárín, ìjọba ìbílẹ̀ Narok ló ń bójú tó o, mọ́tò máa ń pọ̀ ńbẹ̀ gan-an láti July sí October tí àwọn wildebeest, ẹran igbó oníwo kan tó fara jọ màlúù, bá ń sọdá odò. Àwọn igbó tó yí i ká, bíi Mara North, Naboisho àti Olare Motorogi, àwọn Maasai ló ni ilẹ̀ ẹ̀, wọ́n fi háyà fáwọn kám̀pù, wọ́n ń gba owó ilẹ̀ wọn, wọ́n sì dín iye bẹ́ẹ̀dì kù kí ibẹ̀ má bàa kún. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà ní Timbavati wà ńbẹ̀ náà. Ìyàtọ̀ ni pé pápá ni ti Kẹ́ńyà, ojú ríran jìnnà, ti Kruger igbó ni. Ẹni tó fẹ́ rí ogunlọ́gọ̀ ẹran lẹ́ẹ̀kan, Kẹ́ńyà. Ẹni tó fẹ́ ẹkùn, Sabi Sand. Tẹ́ ẹ bá máa wọ bàálù kékeré láti Nairobi lọ síbẹ̀, kìlógíráàmù 15 ni ẹrù, báàgì rírọ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́, kì í ṣe àpótí líle, torí náà ẹ fi bàtà mẹ́fà yẹn sílé.

Tiwa ńkọ́?

Old Oyo National Park ò jìnnà sí wa, 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú ẹ̀, ìyẹn nìkan tó ẹni tó jẹ́ ọmọ Yorùbá lọ wò. Ẹfọ̀n wà ńbẹ̀, ẹtu, oríṣiríṣi ọ̀bọ, àmọ́ ẹ má retí kìnnìún. Yankari ní Bauchi, 2,244 kìlómítà onígun mẹ́rin, òun ló ní erin jù ní Nàìjíríà, omi gbígbóná Wikki sì wà ńbẹ̀ tó ń móoru bíi ìwọ̀n 31 Celsius tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀ á ṣílẹ̀kùn yín wọlé gbé búrẹ́dì tẹ́ ẹ ò bá tì í dáadáa. Àwọn méjèèjì ò ní fẹ́ǹsì, àmọ́ ẹranko wọn ṣì ń bẹ̀rù èèyàn torí àwọn tó ń yọ́ wọ igbó lọ pa ẹran, nítorí náà ẹ lè jáde lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ má rí erin kankan. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, December sí April, ló dáa jù. Ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibẹ̀ dé, ẹ má rìnrìn àjò lóru. Ẹni tí kò tíì wọgbó rí, tí kò mọ̀ bóyá igbó bá òun lára mu, ó dáa kó kọ́kọ́ fi náírà dánra wò nílé.

Ìgbà, ìwé àti ọ̀rọ̀ tí wọn kì í sọ fún yín

Ní South Africa, May sí September ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, koríko ti gbẹ, ẹranko ń kóra jọ sétí omi, wọ́n rọrùn láti rí. Àmọ́ òtútù ń mú ní June àti July o, nínú mọ́tò tí ò lórùlé ní ìdájí! Wọ́n á fún yín ní búláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ mú súwẹ́tà àti fìlà dání síbẹ̀. November sí March ni òjò, gbogbo ibẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, ọmọ ẹran á pọ̀, owó yàrá láwọn ibì kan á sì wálẹ̀.

Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà South Africa, Èkó tàbí Àbújá lẹ máa lọ fún un, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ṣe pàtàkì, ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú, kẹ́ ẹ sì gba káàdì tòótọ́, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá géètì.

Nínú díẹ̀ lára àwọn igbó àdáni tó bá Kruger pààlà, wọ́n ṣì máa ń gba ọlọ́dẹ olówó láyè láti pa iye ẹranko kan lọ́dọọdún, wọ́n ní owó ẹ̀ ni wọ́n fi ń san àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń lé àwọn tó ń jí àgbáǹréré pa. Àwọn kan gbà pé ó bọ́gbọ́n mu, inú àwọn kan ò dùn sí i. Tó bá jẹ́ ohun tó máa dá yín lọ́kàn rú, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó, wọ́n á dáhùn. Ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu tẹ́ ẹ bá rí àgbáǹréré tí ò ní ìwo, àwọn tó ni igbó ló gé e kí wọ́n má bàa pa á torí ẹ̀. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ pa lokéṣọ̀n fóònù yín kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ẹ̀, ẹ gbọ́ tiwọn.

Tó bá ku owó tẹ́ ẹ máa san sílẹ̀ fún igbó àdáni, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wọn: èèyàn mélòó ló ń jókòó nínú mọ́tò kan, ṣé tírákà wà àbí gáìdì nìkan ni (àwọn kan lára ibi tówó wọn rọjú ò ní tírákà), mọ́tò mélòó ló ń dúró níwájú ẹranko kan, ṣé àwọn lè dé ilẹ̀ aládùúgbò wọn àbí tiwọn nìkan, ṣé fẹ́ǹsì yí kám̀pù ká, ta ló ń sin àlejò lálẹ́, kí ni owó yàrá ò kó mọ́ra, àti iye tó yẹ kẹ́ ẹ fún gáìdì àti tírákà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń lọ. Ibi tí wọn ò bá ti dáhùn ti tírákà àti ti iye mọ́tò tààrà, èmi ò ní sanwó síbẹ̀.